Mo wà, Ah dey, Mwen la: ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Trinidad

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù Keje

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù wa tó balẹ̀ ní Piarco. New York ni mo ti ń bọ̀, níbi tí ọmọ mi obìnrin bímọ sí. Ìyàwó mi ní kí n máa lọ ní tèmi, òun ò lè fi ọmọ tuntun sílẹ̀ kí òun máa lọ wo òkun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ògbufọ̀ kóòtù ni mí ní Ìbàdàn. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ olẹ́jọ́ lọ fún adájọ́, tí mo sì ń gbé ti adájọ́ bọ̀. Etí ni mo fi ń jẹun. Ìyẹn ló gbé mi dé Trinidad: ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìjọba rẹ̀, ṣùgbọ́n tí oríṣiríṣi èdè ti ṣe àlejò níbẹ̀. Òmíràn ṣì wà nílé, òmíràn ti kó ẹrù jáde. Yorùbá wa yìí wà lára àwọn tó kó jáde. Èdè ọwọ́ àwọn adití wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Adití ni àbúrò mi, Bàbá Ìbejì. Ó rán mi níṣẹ́ kan síbí, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá.

Awakọ̀ tó wá gbé mi nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní: "It making hot." Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé tèmi kì í sọ ọ́ báyẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti mú un, torí bí àwọn yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìyẹn. Kò burú. Ní etí tèmi, "ó ń mú ooru" ni ọkùnrin yìí ń wí. Kò pẹ́ ni mọ́tò kan já wọ iwájú wa láìwẹ̀yìn. Awakọ̀ mi pòṣé. Kì í ṣe òṣé kékeré o. Ó fà á láti ìdí eyín, ó jẹ́ kó pẹ́, bí ìyá ẹlẹ́ran Bódìjà tí oníbàárà ná ẹran ní ìnákúnàá. "Steups" ni wọ́n ń pè é níbí; orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń dún bí òṣé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un pa. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Belmont, ní Port of Spain, ni ilé tí mo wọ̀ sí. Ìyá àgbà tó ni ilé ní kí n máa pe òun ní Tantie. Mo béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó ní: "Ah dey." Mo wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25

Ìyá kan ń dín nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn epo gbígbóná sì yà mí kúrò níbi tí mò ń lọ. Mo béèrè ohun tó jẹ́. "Accra." Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo ra mẹ́ta, mo ya ọ̀kan sí méjì: inú rẹ̀ funfun, ó ń fà díẹ̀, ẹja oníyọ̀ àti àlùbọ́sà ń yọjú, ata rẹ̀ jó mi létè. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi pò ó. Ẹ̀wà dà? Kò sí ẹ̀wà. Búrẹ́dì díndín kan tí wọ́n ń pè ní "float" ni wọ́n fi ń gbé e jẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ki àkàrà bọ búrẹ́dì lówùúrọ̀. Orúkọ gúnlẹ̀, ọ̀nà àtijẹ ẹ́ gúnlẹ̀, ẹ̀wà nìkan ló já sómi. Ó dùn, n ò ní purọ́, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ pè é ní àkàrà níwájú ìyá mi.

Bí mo ṣe ń pọ́n ìka lá, àwọn obìnrin méjì lẹ́yìn mi ń jiyàn lórí ẹni tó kàn láti gba "hand" sou-sou oṣù yìí. Mo yíjú padà: "Èsúsú!" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, sou-sou. Gbogbo rẹ̀ ló rí bí a ṣe ń dá a: iye kan náà lóṣooṣù, olórí tó ń kó o jọ, ìjà nígbà tí ẹnì kan bá kó tirẹ̀ tán tó wá ń fi ẹsẹ̀ fà. "Hand", ọwọ́, ni wọ́n ń pe ìgbà tó bá kan èèyàn láti kó o.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó dé ìlú yìí kò bá ọkọ̀ ẹrú wọlé. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, ó kó wọn lọ sí Sierra Leone tàbí St Helena, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó wọn wá ṣiṣẹ́ oko ní Trinidad lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1838. "Yaraba" ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń sọ èdè wọn. Belmont yìí wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, àwọn ará Dahomey náà sì ní agbo ilé níbí tí wọ́n ń pè ní Rada. Nígbà tí Maureen Warner-Lewis, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Trinidad àti Tobago, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn arúgbó ní ìparí àwọn ọdún 1960, orin, àdúrà àti ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló kù lẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ. Kò sí ẹni tó lè jókòó fi Yorùbá bá ọ ná ọjà mọ́. Mo rìn yíká Belmont títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń wojú àwọn arúgbó lórí ìloro wọn. Ó kù díẹ̀ kí n kí ọ̀kan ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o". Ó tì mí lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26

Paramin. Láti Maraval ni èèyàn ti ń wọ jíìpù gun orí òkè náà. Ọ̀nà ga débi pé ní ìkóríta kan ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí nínú gíláàsì iwájú. Ìyá kan jókòó tì mí pẹ̀lú àpò òfìfo méjì. Ó ti ta ewé táìmù rẹ̀ tán lọ́jà. Òkè yìí ló ń fún ọbẹ̀ Trinidad lóòórùn. Táìmù àti àlùbọ́sà eléwé ni wọ́n gbìn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ewúrẹ́ yóò ti ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kan ké sí i láti òkèèrè: "Sa ka fèt?" Ó dá a lóhùn láìwo ẹ̀yìn: "Mwen la."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní ọkùnrin yẹn béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, òun sì ní òun wà níbí.

Mo wà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ní èdè kejì, tí ìkankan nínú wọn kì í sì í ṣe tèmi.

Pátóà ni wọ́n ń pe èdè náà, èdè tí ẹnu àwọn ẹrú yọ láti inú Faransé. Ìtàn rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọba Sípéènì ló ni erékùṣù yìí ṣùgbọ́n kò rí èèyàn kún un. Ní 1783, ó pàṣẹ pé ìjọ Páàdì tó bá wá, kó wá gba ilẹ̀. Àwọn olóko Faransé kó ẹrú wọn láti Martinique, Grenada àti àwọn erékùṣù mìíràn, wọ́n ya wọ ìlú. Àsíá Sípéènì ń fẹ́ lókè, Pátóà ń sọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1797, síbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Pátóà ni ẹnu ọjà. Tíṣà aláwọ̀ dúdú kan, John Jacob Thomas, kọ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1869, nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kà á sí èdè rárá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ìyá náà já ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀, gígùn, etí rẹ̀ bí eyín ayùn. Ó fi ìka fọ́ ọ, ó gbé e sí mi nímú. Ó le ju òórùn efinrin lọ. "Shado beni." Pátóà náà nìyẹn, ewé ẹlẹ́gùn-ún alábùkún. Ó kó díẹ̀ bọ̀ mí lápò.

Mo bi í bó ṣe kọ́ èdè yìí. Ó ní wọn kò kọ́ òun. Bàbá àti ìyá òun kì í sọ ọ́ sí àwọn ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí wọn kí wọ́n lè rọ́nà gbé e gbà ní ilé-ìwé. Ìgbà tí wọn kò bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ni wọ́n ń sọ Pátóà. "Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni, tàbí ọ̀rọ̀ oyún ẹnì kan." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti kọ́ ọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kò lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó òun, tẹlifíṣọ̀n ti dé. Ní báyìí wọ́n ń kọ orin Pátóà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà míì, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń wá kọ́ ọ. Ó rí i pé ó dára. Ó tún rí i pé ó ti pẹ́.

Gbogbo bí jíìpù ṣe ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀, yàrá ọmọ mi ní Brooklyn ni mò ń rò. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ilé délẹ̀, ọkọ ọmọ mi sì wo ọmọ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, wọ́n bọ́ sí Yorùbá. Mo jókòó níbẹ̀. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé wọn kò gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27

Òjò. Mo kí Tantie lówùúrọ̀. Wọ́n ti kọ́ mi pé "allyuh" ni "ẹ̀yin" níbí. Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé ní "you" kan fún ẹnì kan àti fún ogún èèyàn, àwọn yìí rí i pé kò ṣeé gbé, wọ́n ṣe tiwọn. Ni mo bá fi ọ̀wọ̀ sọ pé: "Good morning, Tantie, how allyuh sleep?" Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn wà nínú yàrá. Iye èèyàn ni "allyuh" ń kà, kò mọ̀ nípa àgbà.

Nígbà tí òjò kò dá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbi tó ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Sípáníìṣì. Ìran rẹ̀ kan wá láti Venezuela, tí kò ju ìrìn ọkọ̀ ojú omi kúkúrú lọ sí etí ìwọ̀ oòrùn Trinidad, láti wá ṣiṣẹ́ oko kòkó. "Cocoa panyol" ni wọ́n ń pe irú wọn. Orin parang ni wọ́n ń fi Kérésìmesì kọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó kọ ọ́ délẹ̀, ẹsẹ mẹ́rin gbáko. Mo ní kí ni ó túmọ̀ sí. Ó ní Màríà wà nínú rẹ̀, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà nínú rẹ̀, ìyókù òun ò mọ̀. Ní ìta, ọmọ Venezuela kan tó ń ta empanada ń fi Sípáníìṣì pariwo lórí fóònù rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ti sá wọ̀lú láti bí ọdún mẹ́wàá. Tantie ní àwọn wọ̀nyí ń sọ ọ́ yára jù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28

Mo wọ maxi, bọ́ọ̀sì kékeré alámì àwọ̀ ewé, láti City Gate lọ sí Chaguanas. Bí a ṣe kúrò lójú ọ̀nà ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àsíá pupa lórí ọ̀pá ọparun níwájú ilé. Ọ̀kan, mẹ́ta, méje. Àyà mi là: oníṢàngó ló kún àdúgbò yìí! Mo sọ ọ́ sókè fún ìyá tó jókòó tì mí. Ó wo àsíá, ó wò mí. "That is Hanuman, darling." Jhandi ni wọ́n ń pè é, onísìn Híńdù tó bá ṣe ìsìn tán ló ń rì í mọ́lẹ̀. Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n wá jẹun nílé òun. Ní 1845 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́, Fatel Razack, kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà dé síbí, kí wọ́n tó dá a dúró ní 1917 wọ́n ti kó bí 144,000. Bhojpuri ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Ìyá yìí gbọ́ ọ nígbà èwe, ó ní ó ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kọ́ Hindi ní tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n ó ní Hindi tẹ́ńpìlì kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà ilé ń sọ. Bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní èdè ẹlòmíràn kó lè sọ tirẹ̀. Ohun tó kù ni ilé ìdáná àti ẹbí. Ó tọ́ka sí igi máńgòrò kan: "My aja plant that." Mo wo igi náà, mo wo obìnrin náà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bàbá tó bí bàbá ẹni ni "aja", pé ìyá bàbá ni "aji", pé bàbá ìyá ni "nana", ìyá ìyá sì ni "nani". Orúkọ mẹ́rin fún ẹni mẹ́rin. Àwa pe gbogbo wọn ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà, a wá ń fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣàlàyé èwo ni.

Mo yọ ewé Paramin lápò, ó ti rọ. Mo ní, "Shado beni." Ó ní rárá, "bandhania". Ewé kan náà. Ó gé e sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29

Tobago. Ọkọ̀ ojú omi, mo bì lẹ́ẹ̀mẹta. Erékùṣù tí wọ́n kàn so mọ́ Trinidad ní 1889 ni, Faransé àti Íńdíà kò sì mì í bí wọ́n ṣe mi èkejì, nítorí náà ẹnu wọn yàtọ̀: "allyuh" di "aayu", "I" sì di "mi" níbi tí ará Port of Spain kò ti ní í sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí mo lè gbọ́ láti orí àga tí mo nà sí. Mo padà lálẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 30

Iṣẹ́ Bàbá Ìbejì nìyí. Ayé àwọn adití kò fẹ̀. Lórí Facebook ló ti mọ ìyá àgbà kan ní Port of Spain, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ síra wọn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì dẹ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó ní: "Lọ bá mi wo ọwọ́ wọn." Kí n ya fídíò bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, kí n mú un wálé.

Ilé màmá náà kò jìnnà sí Cascade. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá tó ń gbọ́rọ̀, ṣílẹ̀kùn fún mi, ó pa iná yàrá, ó tún tàn án, màmá sì jáde wá. Mo kí i pẹ̀lú ọwọ́ tí mo kọ́ lára àbúrò mi. Mo ní ìyá mi ní kí n kí i: àtàńpàkò mọ́ àgbọ̀n, ìka yòókù là sókè. Ó yé e. Ó dá mi lóhùn, ọmọ náà sì túmọ̀ rẹ̀: "She say you come from Nigeria with American hands."

Òótọ́ ni. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ló dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ọwọ́ Amẹ́ríkà ló sì mú wá. Ọwọ́ yẹn náà dé Trinidad ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ilé-ìwé gbà kí olùkọ́ máa fi ọwọ́ àti ẹnu kọ́ ọmọ pa pọ̀. Ìdí tí èmi àti màmá fi gbọ́ra díẹ̀ nìyẹn: ẹni kẹta ló bá wa tan.

Ṣùgbọ́n kí ti Amẹ́ríkà tó dé, wọ́n ti ní tiwọn. Ní 1943 ni wọ́n ṣí ilé-ìwé adití ní Cascade. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nígbà náà, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú láyé: kí ọmọ wo ètè olùkọ́, kó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun láti mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n, kó sì gbìyànjú àtisọ̀rọ̀. Màmá fi hàn mí. Ó gbé ọwọ́ mi lé ọ̀fun rẹ̀, ó mí, ọ̀rọ̀ kan jáde tí n kò dá mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní ibùgbé àwọn ọmọ, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ńlá ń kọ́ àwọn kékeré. Kò sí olùkọ́ tó fi í lélẹ̀, kò sí ìwé, ọmọ ló ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ó ṣe é fún mi, ó rọra, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé, wọ́n sì yára. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gbogbo ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ojú ń fẹ̀, ètè ń yọ, èjìká ń kọ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sókè fún mi: ti àtijọ́ nìyẹn, kò yé òun dáadáa.

Mo rántí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Paramin. Èdè tí àgbà fi pa mọ́ fún ọmọ ń kú lọ lórí òkè yẹn, pẹ̀lú gbogbo orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ sí i. Èyí tí ọmọ fi pa mọ́ fún àgbà rèé níwájú mi, àwọn ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ń fi ṣòfófó. Kì í ṣe pé ewu ti tán o. Àwọn ọ̀dọ́ adití ń wo fídíò Amẹ́ríkà lórí fóònù, ọwọ́ wọn sì ń tẹ̀ lọ síbẹ̀. Síbẹ̀ yunifásítì tó wà ní St Augustine ń kọ́ àwọn ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ti Karibíánì, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ sì ti ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀.

Mo béèrè ẹni tó ń túmọ̀ fún adití ní kóòtù wọn, torí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan wá síwájú adájọ́ nílé, wọ́n sì ní kí n túmọ̀ fún un nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àbúrò mi jẹ́ adití. Abúlé ni ọmọ náà ti wá, kò lọ ilé-ìwé adití kankan. Ọwọ́ ilé wọn ló ń sọ. Mo yẹ kí n ní n kò gbọ́. Mo túmọ̀ bí mo ṣe rò. Màmá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí ó fi sọ ìtàn yìí tán fún un, ó wá yíjú sí mi, ó pòṣé. Òṣé náà kò dún púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pa á parí.

Ó béèrè orúkọ tí àbúrò mi ń pè mí lọ́wọ́. Mo fa etí mi: èmi tí mò ń gbọ́ fún gbogbo ilé. Ó kọ̀ ọ́. Ó wo ẹnu mi, ó fi ìka kan fa ìlà wálẹ̀ láàárín eyín iwájú. Èjí. Orúkọ mi nìyẹn níbẹ̀.

Nígbà tí mo yọ fóònù láti ya fídíò, ó bò ó mọ́lẹ̀. Òun kì í ṣe fíìmù. Tí àbúrò mi bá fẹ́ rí ọwọ́ òun, kó wá bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31

Aládùúgbò Tantie kan mú mi lọ sí agbo òrìṣà kan. Àsíá lórí ọparun tún ni, mo wá pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi sọ fún mi pé ti Ògún ni. Ère Mímọ́ Míkáẹ́lì wà nínú ilé, torí òun ni wọ́n fi bo Ògún lójú nígbà tí ìsìn wọn kò rójú ríbi jókòó.

Bàbá àgbà kan kọrin fún mi. "Omi tútù" yọ kedere, mo sì fẹ́ sunkún. "Ògún" yọ. Ìyókù ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Ohùn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀, egungun rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo lè dá ọ̀kan sílẹ̀, bí mo ti ṣe ní kóòtù ọjọ́ yẹn. Mo ní n kò gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé ti wá ní 1988, ó ní àlejò láti Nàìjíríà ń pọ̀ sí i, ẹnì kan sì ti tún orin yìí ṣe fún wọn rí. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ títúnṣe, òun ń kọ ti ìyá ìyá rẹ̀, ìjà sì wà nínú agbo lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Láti 1985 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi níbí. Gbogbo Port of Spain wọ agbádá, ìró, gèlè, dàńṣíkí. Èmi nìkan ni mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká apá agbádá sí èjìká. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo bá màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Savannah, pápá ńlá inú ìlú. Ìlù ti gba ibẹ̀ kan débi pé èèyàn ní láti gbé ẹnu sí ẹnì kejì létí kó tó gbọ́. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin ọgbà, ó ń fi í gbọ́ ìlù. Mo pe Bàbá Ìbejì lórí WhatsApp, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Ìbàdàn. Ojú rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ni iná bá lọ lọ́hùn-ún. Òkùnkùn biribiri. Ó kan èmi náà láya: ìlù kò dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́, òkùnkùn ló lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò pẹ́ ni Ìyá Ìbejì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ọwọ́ méjì sì yọ nínú iná funfun, kò sí orí, kò sí ara.

Ọwọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Màmá wá ń fi ti àtijọ́ hàn án, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń tún un ṣe, ó ń gbìyànjú, ó ń ṣì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní àárín rẹ̀ mo rí orúkọ mi: ẹnì kan fa etí, ẹnì kejì fa ìlà láàárín eyín. Wọ́n ń jiyàn lórí èwo ni yóò dúró, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Ó ti tó ìdajì wákàtí tí mo ti ń gbé fóònù sókè, apá ń ro mí. Mo fẹ́ gbé e sọ́wọ́ òsì, àwòrán mì, àwọn méjèèjì sì pòṣé sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.